Sivert Hellevang, Aláìmutí Tí Ẹ̀dọ̀ Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn Ọ̀mùtí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ Sivert Hellevang jù mí lọ, ẹ sọ fún un pé Edvin ní kó lọ bọ́jú. Ilé mi àti ilé Sivert kọjú síra wọn létí ọ̀sà. Bí mo bá sín nínú yàrá mi, Oddlaug ìyàwó rẹ̀ á ti ojú fèrèsé tiwọn kí mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Fèrèsé náà, Sivert ló kàn án. Káfíńtà fèrèsé ni, kò sì tíì sí ìjì tó já fèrèsé rẹ̀ rí. Ìjì kan jà lọ́dún kan tó gbé àgbò kan lórí òkè, tó lọ gbé e kalẹ̀ sórí òrùlé ilé ìtajà, tí àgbò ń jẹ koríko tó hù sórí òrùlé lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ yẹn, gíláàsì kan ṣoṣo kò sán lára fèrèsé tí Sivert kàn.

Èmi ní tèmi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń kó èèyàn sọdá ọ̀sà ni mo fi ayé mi tọ́jú. N kò lọ sí ilé ìwé gíga. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo ti ka gbogbo ìwé tó wà ní ilé ìkàwé wa tán, títí kan ọ̀kan tí mo kà dé ìdajì kí n tó mọ̀ pé èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́. Nítorí náà, bí mo bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀, kí ẹ má ṣe bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì ló kọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì ní asẹ́ tó ń sẹ́ òróró rẹ̀, ara èèyàn náà ní ti ẹ̀. Bí asẹ́ bá bàjẹ́, ẹ má wo asẹ́ nìkan o. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń dà sí i.

Sivert kì í mutí. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn kò tíì tó. Àwọn mìíràn wà tí kì í mutí àfi bí ọdún bá dé. Sivert kì í jẹ àkàrà òyìnbó ọdún àfi tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ bóyá wọ́n da ọtí sí i. Mo gbé omi ọsàn fún un rí nílé mi, ó gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ti ṣí èyí? Ó lè ti máa kan." Òun ni alága Ẹgbẹ́ Orísun, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn aláìmutí abúlé wa. Kí wọ́n tó kọ orin ní ìpàdé, ó máa ń dìde, á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹnì kan wà láàrin wa tó fi ọtí kan ètè?" Gbogbo wọn á dákẹ́, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olùṣọ́ àgùntàn tó ka àgùntàn tó pé.

Ohun tó mú un le tó bẹ́ẹ̀ ni Oddlaug. Ọtí ló pa bàbá Oddlaug, kó tó pa á ló ti kọ́kọ́ tú ilé wọn ká. Lọ́jọ́ tí Sivert wá fẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un: "Lọ́jọ́ tí mo bá bá ọtí lẹ́nu rẹ, màá kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìlú Ålesund, n kò sì ní wẹ̀yìn." Gbogbo wa la mọ̀ pé Oddlaug kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Nígbà tó sọ pé àwọ̀ ewé ni òun fẹ́ kí wọ́n kun ilé àwọn, gbogbo abúlé ní kò dára. Àwọ̀ ewé ni ilé náà títí dòní.

Ìgbà òtútù kan ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Sivert. Á máa fi ẹ̀yìn họra mọ́ òpó ilé bíi màlúù. Lẹ́yìn náà ni àárẹ̀ dé. Á máa fá pákó lọ, kó tó fá a dé ìdajì, á jókòó lé e. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Mo ní, "Sivert, ojú rẹ ti pọ́n bíi bọ́tà." Oddlaug bá lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà wa nígbà náà ni Solfrid, obìnrin kan tó ti ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè wa wá, ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó gba ẹ̀jẹ̀ Sivert fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó pè é padà. Bí Sivert ṣe ròyìn ọ̀rọ̀ wọn fún mi ni mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ yìí.

"Bàbá Hellevang, ẹ má bínú o. Báwo lẹ ṣe ń mu sí?"

"Tí mo bá jí, ife kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ife kan. Oddlaug ní kọfí mi ti nípọn jù."

"Ọtí ni mo ń bi yín."

"Ọtí kẹ̀?"

"Ẹ̀dọ̀ yín ló ń bi yín, kì í ṣe èmi. Nǹkan tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ẹ̀dọ̀ ti ń jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ yín, mo sì fura pé ọ̀rá ti ń gbárí jọ síbẹ̀. Ara àwọn tó ń mutí ni mo ti ń rí irú rẹ̀ jù."

"Dókítà, èmi ni alága Ẹgbẹ́ Orísun."

"Mo ti gbọ́, sà. Àwọn alága náà ní ẹ̀dọ̀."

Ẹlòmíì á lọ gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Sivert kọ́. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹni tí ìfura bá kàn gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, òun gan-an ló sì dá òfin náà sílẹ̀. Nínú ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó bi wọ́n ní ìbéèrè tó máa ń bi wọ́n, ló bá ní, "Ẹnì kankan kò mu, èmi náà kò mu. Ṣùgbọ́n dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi dà bíi ti ẹni tó ń mu."

Borghild, akọ̀wé ẹgbẹ́, dá a lóhùn. Ohùn Borghild dùn bí oyin, oyin tí oyin tó ń tani ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Arákùnrin Sivert, a gbà yín gbọ́, pátápátá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ lórí àga díẹ̀, kí ara yín fi wá jẹ́rìí sí ẹnu yín."

Ó bọ́ sílẹ̀. Àga kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé nígbà tó délé lọ́jọ́ yẹn, Oddlaug bá a bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó sì gbé ọrùn ẹ̀wù náà súnmọ́ imú kó tó fi í kọ́.

Ọjọ́ kejì ló dé ọ̀dọ̀ mi. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Oddlaug, wọlé, kọfí wà lórí iná."

"Kọfí kọ́ ló gbé mi wá. Ẹ̀gbọ́n Edvin, ẹ wò mí lójú. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fún ọkọ mi lọ́tí?"

Mo ní láti sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe ọmọ Ẹgbẹ́ Orísun. Mo máa ń mu akevitt mi, ọtí líle tí bàbá mi àti bàbá bàbá mi mu, tó sì dá wọn sí títí eyín wọn fi tán. Gbogbo abúlé mọ̀.

"Èmi? Kí n máa fún Sivert? Èmi tí n kì í fún àbúrò mi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ń jókòó sí ilé ọkọ̀ ojú omi yẹn."

"À ń tún àwọ̀n ṣe ni."

"Àwọ̀n wo ni kì í tán?"

"Oddlaug, fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ọkọ rẹ kò mutí. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, èmi Edvin ni màá sì wá a rí."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ tètè wá a o. Àpótí mi ti wà lórí ibùsùn, n kò kàn tíì pa á dé ni."

Báyìí ni mo ṣe di olùṣèwádìí ẹ̀dọ̀. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ Sivert, mo ṣílẹ̀kùn, fáníìṣì gbá mi nímú débi pé mo rí bàbá mi tó ti kú, ó sì juwọ́ sí mi. Káfíńtà tó ń kan fèrèsé fún gbogbo ayé ti ti fèrèsé tirẹ̀ pa nítorí òtútù, ó wá ń fa èéfín fáníìṣì àti omi tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì símú láti àárọ̀ dálẹ́. Mo pariwo, "Ó tán! Mo ti rí i!" Mo sáré lọ bá dókítà. Dókítà Solfrid kò sì fi mí ṣẹlẹ́yà. Ó ní òótọ́ ni, irú èéfín bẹ́ẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bá a jà. Ó ní kí Sivert pa fáníìṣì tì títí òun á fi tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Sivert pa á tì. Kí ni ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń ṣe létí ọ̀sà wa nígbà òtútù? Ó ń pẹja. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀. Pańla ti wọlé láti òkun ńlá nígbà náà, wọ́n sanra, mo rí ọ̀kan tí ikùn rẹ̀ tó ìlù ológun. Ó ń pín ẹran ẹja náà fún wa, ó sì ń gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ fún ara rẹ̀, kí Oddlaug sè wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe ń sè é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni adùn pańla? Ẹran rẹ̀ kàn ń bá a lọ ni.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kò sàn. Ó tún burú sí i ni.

 Oddlaug dé, ó ti wọ bàtà ìrìn àjò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáníìṣì ti kúrò ńlẹ̀. Ó ku kí ni? Ẹ bá mi dé ilé ọkọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ojú méjì rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Mo bá a lọ. Ọkàn mi balẹ̀ torí mo mọ̀ pé kò sí nǹkankan. Ó gbọn jákẹ́ẹ̀tì òjò Sivert, ó wo inú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ṣí àpótí ìwọ̀. Mo ní, "Ṣé o ti rí i? Jẹ́ ká máa lọ." Ló bá fa àwọ̀n àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ògiri.

Ìgò wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé. Ìgò akevitt. Orúkọ tó wà lára wọn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi, torí irú èyí tí mo ń mu nìyẹn. Ohun tó wà nínú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Oddlaug kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní, "Bíi ti bàbá mi. Ẹ̀yìn àwọ̀n ni òun náà ń kó o sí."

"Oddlaug, òfìfo ìgò ni mo máa ń fún un. Mo fi Ọlọ́run..."

"Ẹ má fi Ọlọ́run ṣe nǹkankan."

Ibẹ̀ la wà tí Sivert fi wọlé, pańla méjì lọ́wọ́, yìnyín lórí fìlà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìgò, ó wò mí. Ojú rẹ̀ yí padà bíi ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Mo fẹ́ sọ fún ọ," ó ní.

"Ìgbà wo?"

"Mo mọ̀ pé o máa bínú. O ti sọ pé bí mo bá tún ṣe é, o máa lọ sí Ålesund."

"O jẹ́wọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Oddlaug, n kò lè ṣe kí n má ṣe é. Láti kékeré ni. Bàbá mi ló kọ́ mi."

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu. Oddlaug dìde, ó já ìdérí ìgò kan, ó gbé e sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ mu májèlé tán kó lè kú síwájú ẹni tó pa á. Ló bá dúró. Ó tutọ́. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Sivert, kí lèyí?"

"Òróró ẹ̀dọ̀ ni. Kí ni kò bá tún jẹ́?"

Òróró ẹ̀dọ̀ pańla! Ó máa ń kó ẹ̀dọ̀ sínú ìkòkò, á gbé ìkòkò náà sínú omi gbígbóná títí òróró á fi léfòó, á sì rọ ọ́ sínú ìgò. Ilé ìdáná Oddlaug ló ti ń sè é tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí Oddlaug ta kọ́tìnnì tuntun, tí òórùn náà sì wọ inú kọ́tìnnì débi pé ológbò àdúgbò ń wá sùn sábẹ́ fèrèsé. Oddlaug ló sọ nígbà náà pé bí ó bá tún sè é, òun á lọ bá ẹ̀gbọ́n òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sè é níkọ̀kọ̀ nínú ilé ọkọ̀, á sì máa gbé ife kan mu láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ife?" Oddlaug bi í. "Ṣíbí ni gbogbo ayé ń mu."

"Látìgbà tí ara mi kò ti yá, ife méjì ni. Kí ara lè le."

Oddlaug bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà bọ́ sí ẹkún, ẹkún tún padà di ẹ̀rín. Ó gbá a ní fìlà, yìnyín fọ́n káàkiri. "Òpònú! Mo ti di ẹrù! Mo ti di ẹrù nítorí òróró ẹja!" Kò tọrọ àforíjì, Sivert kò sì béèrè. Ó kàn gba pańla lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọrí sílé.

Àwọn méjèèjì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú tèmi, kò tíì parí, torí ẹni tó ti tọ́jú ẹ́ńjìnnì kì í sùn tí ariwo bá ṣì kù nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọtí, tí kì í ṣe fáníìṣì, kí ni wọ́n ń dà sí asẹ́ yẹn láràárọ̀? Mo gbé ìgò kan sábẹ́ apá, mo mú Sivert lọ́wọ́, Oddlaug tẹ̀ lé wa, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà Solfrid rí ìgò akevitt lórí tábìlì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe wá jẹ́wọ́."

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀," ni Oddlaug wí. Ìgbéraga tó fi sọ ọ́, ẹ máa rò pé òun ló sè é.

Dókítà gbóòórùn, ó fa imú sẹ́yìn. Lójijì ló jókòó dáadáa. "Bàbá Hellevang, ibo lẹ ti ń pa ẹja yìí?"

"Inú ọ̀sà wa."

"Apá ibo nínú ọ̀sà?"

"Níwájú ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanra jù."

"Ṣé ẹ kò rí pátákó tó wà létí omi níbẹ̀?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa. Pátákó ńlá ni, àwòrán ẹja wà lára rẹ̀ tí wọ́n fa ìlà pupa dábùú. Ta ni kò rí i?

"Pátákó yẹn?" Sivert ní. "Ti àwọn ará Jámánì nìyẹn."

"Ti ta ni?"

Èmi ni mo là á yé dókítà, torí àlejò ni. Àwọn arìnrìn-àjò ará Jámánì máa ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kó ìwọ̀ wá, wọ́n á pa ẹja kún inú àpótí yìnyín gbé lọ sílé. Èdè Jámánì ló wà lókè pátápátá lára pátákó. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A ní ìjọba ti ṣe dáadáa, wọ́n ti fòfin dè wọ́n kí wọ́n má baà pa ẹja wa tán. Kò sẹ́ni tó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, èdè tiwa ló wà níbẹ̀. Ta ló ń ka ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ fún àlejò?

Dókítà fi ọwọ́ bo ojú díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni. Ó wá sọ ohun tí pátákó náà sọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹ̀dọ̀ ẹja tó bá pa nínú ọ̀sà yìí.

Èmi ni mo fi ìbéèrè rọ̀jò lé e lórí. Mo ní, ẹran ẹja náà ńkọ́? Ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Mo ní, báwo ló ṣe wá jẹ́ ẹ̀dọ̀? Ó fa ìwé kan, ó ya ẹja sí i. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n máa ń ha ọ̀dà àtijọ́ dà sómi, ọ̀dà tí wọ́n ti po májèlé kan mọ́ kó lè pẹ́ lára irin. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe májèlé náà, P, C àti B. Kì í yòrò nínú omi, kì í jẹrà, ọ̀rá ló fẹ́ràn. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ jẹ ẹ́, ẹja kékeré jẹ kòkòrò, pańla jẹ ẹja kékeré. Pańla kì í sì í fi ọ̀rá sínú ẹran rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí.

"Ẹ̀dọ̀ ẹja ti bá ọ̀sà yín ṣa gbogbo ìdọ̀tí náà jọ," ó ní. "Ẹ̀yin wá sè é, ẹ yọ òróró rẹ̀ jáde, ẹ gbé e fún ẹ̀dọ̀ tiyín pé kó máa bá iṣẹ́ lọ."

"Ẹ̀dọ̀ mi kò lè sẹ́ ẹ dànù ni?" Sivert bi í.

"Ọtí tí ènìyàn bá mu, ẹ̀dọ̀ á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á sì tì í jáde. Èyí le jù ú lọ. Á máa bá a jà, á máa rẹ̀ ẹ́, á sì tún bá a lálejò lọ́jọ́ kejì."

Ó fi òróró náà àti ẹ̀jẹ̀ Sivert ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò nílùú ńlá. Nígbà tí èsì máa fi dé, èmi náà ti ṣe tèmi: mo la ẹ̀dọ̀ pańla òkun gbangba kan àti ti inú ọ̀sà sórí pákó kan náà, mo wò ó títí, mo fi awò kékeré wò ó. Kí n má purọ́, wọ́n jọra bí ìbejì. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì funfun, wọ́n ń dán, èèyàn á fẹ́ fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ jẹ wọ́n.

Èsì dé. Májèlé inú òróró náà pọ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni yẹ kó fẹnu kàn, ti inú ẹ̀jẹ̀ Sivert náà sì ga. Dókítà ní, "N kò lè búra pé òun nìkan ló ṣe é. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, fáníìṣì náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá jó tí mo rí ẹnì kan tó mú ìṣáná dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ bi."

Oddlaug ní, "Ó parí. Jẹ́ ká lọ sọ fún Borghild pé ara rẹ ti jẹ́rìí."

Sivert kò dìde. Ó ń wo ìgò tó wà lórí tábìlì. "Oddlaug, ta ni mo fún ní ìgò òróró kọ̀ọ̀kan nígbà ọdún, kí kọ́tìnnì tuntun tó dé?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ irú èèyàn tó jẹ́ gan-an. Gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ Orísun ló fún. Bí ó bá sọ pé àrùn òun kì í ṣe ti ọtí, ó ti bọ́, àga rẹ̀ ti padà. Bí ó bá sọ pé òróró ni, ó ti di ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín májèlé fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbà á nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn àgbà sì ni: "Sọ ìdajì." Ó wò mí bí ẹni tí mo fún ní akevitt.

Èmi náà wọ gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ ìpàdé, mo jókòó sẹ́yìn. Borghild ló wà lórí àga. Kó tó lanu, Oddlaug dìde. Kò sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé rí. Wọ́n ní kì í kọrin sókè pàápàá.

"Mo gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ mi," ó ní. "Mo yẹ inú bàtà rẹ̀ wò. Mo ti di ẹrù. Èmi tí mò ń sùn tì í ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní bá ẹ̀yin wí. Ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, òtítọ́ ló ń sọ. Ẹ gbọ́ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀."

Sivert sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó dórí ìgò ọdún, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

"Èmi kò mu ún," ẹnì kan ní. "Mo fi ń pa orúnkún ni."

"Ológbò mi ni mo fún."

"Ìdí nìyẹn tí ológbò yẹn fi ń ronú tó bẹ́ẹ̀."

Borghild dìde. Etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, pẹ̀lú ohùn tí oyin ti tán nínú rẹ̀, "Èmi mu tèmi tán. Mo tún ránṣẹ́ wá gba òmíràn lọ́wọ́ yín."

"Ẹ lọ bá dókítà," Sivert ní. "Gbogbo yín. Bí ó bá sì bi yín bí ẹ ṣe ń mu sí, ẹ má bínú sí i."

Wọ́n sáré lọ gbé ìgò tó kù nílé wá. Wọn kò lè dà á sí ọ̀sà, torí inú rẹ̀ ló ti wá; wọn kò lè dà á sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ohun olóró ni yóò wá gbé e. Báyìí ni tábìlì Ẹgbẹ́ Orísun ṣe kún fún ìgò akevitt láti igun kan dé ìkejì, lábẹ́ àwòrán àwọn alága àtijọ́, tí ọkùnrin tó wakọ̀ dé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ó mà dára o. Mo rò pé ẹ̀yin kì í mu."

Àìsàn náà kò tètè lọ. Dókítà ti kìlọ̀ fún un: ohun tó bá ti jókòó sínú ọ̀rá ara máa ń lò ó pẹ́, ọdún lórí ọdún. Sivert jáwọ́ nínú òróró, ó jáwọ́ nínú ẹ̀dọ̀ ọ̀sà, ó sì ń ṣí fèrèsé tó bá ń kun fáníìṣì. Yíyún ara ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sàn díẹ̀díẹ̀, á sàn, á dúró, á tún sàn. Ti Borghild kò burú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá àga padà fún Sivert, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Gbogbo ìgbà tó bá lọ fún àyẹ̀wò ni Oddlaug ń bá a lọ. Òun ló ń wọlé jókòó sórí àga tó sún mọ́ dókítà jù, òun ló ń béèrè. Bí wọ́n bá jáde, Sivert á lọ sídìí ọkọ̀, Oddlaug á yà sí ilé ìtajà bí ẹni tó fẹ́ ra ìyẹ̀fun.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí àlejò kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé abúlé wa, ń ṣàwàdà pé òun gbọ́ pé alága àwọn aláìmutí wa kan wà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dà bíi ti atukọ̀ ọ̀mùtí tó ti fẹ̀yìn tì.  Oddlaug gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọkọ mi lò ń sọ," ó ní. "Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń sàn. Bó ṣe wà níjeta, bó ṣe wà lónìí, bí dókítà ṣe ní yóò wà tí ọdún bá yípo, bi mí, màá sọ fún ọ. Ó lè rẹ̀ ọ́ kí n tó sọ ọ́ tán o. Fa àga, jókòó."

Ọkùnrin náà jókòó.